Lẹ́tà ṣíṣí sí Àlàájà tó ń kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Ìgbógbó

Àlàájà mi,

Ẹ kú ìnáwó o. Lásìkò tí owó sìmẹ́ǹtì kì í sùn síbi tó jí yìí, kí èèyàn gbé gbọ̀ngàn dúró láti ìpìlẹ̀ títí dé dẹ́kìnì òkè, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹni tó bá gba Ìgbógbó kọjá lọ sí Bàyẹ̀kú á rí i, á sì béèrè pé ta ló ni ín. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi ayọ̀ ṣí i, á sì fi oníbàárà kún inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

N kò dárúkọ yín, n kò sì ní dárúkọ yín. Ẹ mọ ara yín, ẹ sì mọ̀ mí. Èmi ni ẹlẹ́rọ amúlétutù tó gun òkè ilé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sọ̀ kalẹ̀ tó ní òun ò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin tí ẹ rà sórí òrùlé bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ bínú. Ẹ ní mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kirénì gba owó lọ́wọ́ yín. Ǹ bá fi ọ̀rọ̀ náà sáàárín àwa méjèèjì, àmọ́ ohun tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù, òun náà ni olótẹ́ẹ̀lì kan sọ fún mi ní Àgríìkì, òun náà ni ìgbìmọ̀ ìjọ kan sọ ní Ìtamága: "Ẹ lọ kó ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá láti Sábó, kí wọ́n mú okùn dání. Wákàtí méjì, ó ti parí." Nígbà tó ti di orin ẹnu gbogbo onílé, kí n kúkú dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, kí inú yín lè rọ̀: n kò ní kí ẹ gba kirénì. Kirénì gan-an kò lè ṣiṣẹ́ níwájú ilé yín. Àdúgbò yẹn, ọkọ̀ méjì ò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má fẹ̀yìn rìn. Kirénì sì ní láti na ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kó tó gbé ẹrù, méjì nínú ẹsẹ̀ náà á bọ́ sórí gọ́tà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó ń já omi pàápàá ti fọ́ sílábù gọ́tà yẹn. Wáyà NEPA tún wà níwájú fẹ́ǹsì. Òfin iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà sọ pé bí iná wáyà kò bá ju kilofóltì (kV) 50 lọ, apá kirénì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó mítà 3. Bó bá jẹ́ irú wáyà 330 tó ń kó iná jáde láti Ẹ̀gbìn lọ́dọ̀ wa níbí, mítà 6 ni. Wáyà tiyín jẹ́ 11, àmọ́ kò sí mítà 3 láàárín rẹ̀ àti ògiri yín. Háyàbù, ọkọ̀ akẹ́rù tó ní apá kirénì lára, òun náà ò ní rí àyè yíjú. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kirénì ti tán láàárín wa. Ohun tó kù ni bí a ṣe máa gbé ẹrù náà láìsí i.

Ayàwòrán ilé yín mọṣẹ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ya àpótí mẹ́rin sórí òrùlé, ó kọ "AC" sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi gègé tó rẹwà kọ ọ́. Kò ya ọ̀nà tí wọ́n máa gbà débẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkòròdú lónìí tí irú èyí ò sí nínú àwòrán rẹ̀, láti Ògòlòńtò títí dé Ìmọ̀ta: ẹ̀rọ á wà lókè lórí ìwé, àfi bíi pé òjò ló máa rọ̀ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀rọ mẹ́rin tí ẹ rà, package unit ni. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, fáànù, kọ́ìlì, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí irin kan. Tọ́ọ̀nù 10 tí ẹ rí lára páálí, agbára òtútù rẹ̀ ni ìyẹn, BTU 120,000, kì í ṣe ìwúwo. Ìwúwo wà lára àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo nu eruku kúrò kí n tó kà á: kílò 480. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá dín díẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì, lébìrà á gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí kò ṣe é tú ká. Bí a bá ní ká yọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ kó lè fúyẹ́, a ní láti fa gáàsì inú rẹ̀ jáde, ká gé páìpù, ká tún jó o pa dà lókè, ká fi náítírójìn dán an wò, ká fa atẹ́gùn inú rẹ̀ tán kí gáàsì tó wọlé. Ẹni tó tà á fún yín kò sì ní mọ̀ yín mọ́ lórí ọ̀rọ̀ gáràǹtì láti ọjọ́ náà.

Ẹ ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni, Àlàájà. Àyà ni wọ́n fi ń sọ, kì í ṣe irin kílò 480.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ okùn ṣe rí. Púlì kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ òkè, tí okùn gba orí rẹ̀ kọjá, kò dín ìwúwo kù rárá. Kò ṣe ju pé àwọn tó ń fà á lè dúró sílẹ̀ kí wọ́n máa fà á wálẹ̀, dípò kí wọ́n wà lókè kí wọ́n máa fà á gòkè. Kílò 480 ni ẹrù, kílò 480 náà ni àwọn ọmọ máa fi ara wọn gbé, ká má tíì ka bí okùn ṣe ń ha púlì. Èyí tí àwọn èèyàn kì í rò ni ti irin tí púlì so rọ̀ sí. Ẹrù ń fà á wálẹ̀ lápá kan, àwọn ọmọ ń fà á wálẹ̀ lápá kejì. Kílò 960 ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ rò pé ìdajì tọ́ọ̀nù lẹ ń gbé, òkè ilé yín sì ti ń ru bíi tọ́ọ̀nù kan.

Òkè wo ló fẹ́ ru ú? Wẹ́dà yín ti ṣètò tirẹ̀ kí n tó dé. Ó fi páìpù onínṣì mẹ́ta gun orí ògiri kékeré tó yí òrùlé ká, ó jẹ́ kí orí páìpù yọ síta tó mítà kan, ó wá fi wáyà tí wọ́n fi ń di rọ́ọ̀dù so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ táńkì omi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri náà díẹ̀. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́fà ni, rọ́ọ̀dù kankan ò sí nínú rẹ̀, mo sì fi èékánná ha àárín búlọ́ọ̀kù méjì, iyanrìn ló dà sí mi lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ ọ kí ọmọdé má baà jábọ́ ni. Bí kílò 960 bá wà ní mítà kan síta, tí ìdí páìpù sì wà ní mítà méjì sẹ́yìn, ìdí yẹn á fẹ́ dìde pẹ̀lú agbára kílò 480, ògiri tó wà láàárín á sì ru àròpọ̀ méjèèjì, 1,440. Lórí iyanrìn tó dà sí mi lọ́wọ́ yẹn.

Mo bi wẹ́dà pé kí ló máa di ìdí páìpù mú. Ó ní táńkì ni, lítà 2,000, ó kún dẹ́nu. Lóòótọ́, lítà omi kan kílò kan ni, tọ́ọ̀nù méjì sì ju ohun tí a nílò lọ. Ẹ̀yin ẹ wá wò ó: bíríkìlà wà nísàlẹ̀ tó ń po kọnkéré, àwọn tó ń rẹ́lé ń fọ ọwọ́, ẹnìkan ti ṣí ẹ̀rọ omi tí kò tì í. Ohun tó di ẹrù yín mú ń ṣàn lọ sínú búkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tó wà lókè tó mọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fi omi tàbí iyanrìn ṣe adẹ́rùmú. Ohun tí kò lè ṣàn ni wọ́n ń lò, irin tàbí kọnkéré tí wọ́n dè mọ́ ìdí. Wọn kì í sì í fi èyí tó kàn tó lásán ṣe é. Fún àwọn pèpéle tí wọ́n ń so rọ̀ sára ilé gíga ní Amẹ́ríkà, ìlọ́po mẹ́rin ni òfin ń béèrè.

Ká wá ní irin òkè dára, ká ní ògiri dára. Ọwọ́ ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì ni bíréèkì yín. Bí òógùn bá wọ ojú ẹnìkan, bí ẹnìkan bá tẹ búlọ́ọ̀kù tó yẹ̀, ẹrù tirẹ̀ á pín sọ́wọ́ àwọn mẹ́rìnlá, ẹlòmíràn á jù ú sílẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn tó kù á sì rí i pé àwọn ò lè mú un mọ́. Okùn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá kì í dúró, awọ àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń bá lọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Ẹrù náà já lé jẹnẹrétọ̀ lórí, kò já lé èèyàn. Onílé ní "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ra jẹnẹrétọ̀ mìíràn, ó sì ní kí wọ́n ra okùn tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi ò mọ èyí tó yẹ kí n ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ ká so férémù irin kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin, I-beam kan, irin gbọọrọ tí ojú rẹ̀ rí bíi lẹ́tà I, lórí rẹ̀ tó yọ síta láti etí òrùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan ògiri kékeré yẹn rárá. Orí dẹ́kìnì ló máa dúró sí, ibi tí òpó àti bíìmù gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwo irin fífẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tírọ́lì á máa yí lọ yí bọ̀ lára I-beam, chain block tó lè gbé tọ́ọ̀nù méjì á so rọ̀ sí i.

Chain block yàtọ̀ sí okùn àti púlì bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru. Jíà inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnìkan ṣoṣo lè fa ṣéènì ọwọ́ rẹ̀ kí ìdajì tọ́ọ̀nù máa dìde. Bíréèkì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹrù náà fúnra rẹ̀ ló ń tì í pa. Ẹni tó ń fà á lè jáwọ́, kó mu omi, kó dáhùn ìpè fóònù, ẹrù á dúró sójú kan. Ohun tí èèyàn fi ń san án ni àsìkò: kí ẹrù tó gòkè mítà kan, ṣéènì tí wọ́n máa fà kọjá lọ́wọ́ ju mítà 30 lọ. Òrùlé yín ga tó mítà 9. Ẹ ò ní rí wákàtí méjì fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀rọ méjì lójúmọ́ ni mo máa ṣe.

Ohun kan sì wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ. Púpọ̀ nínú chain block tó wà lórí igbá, mítà 3 péré ni ṣéènì rẹ̀ lè gbé ẹrù gòkè. Àwọn kan á rà á, wọ́n á débi tí ṣéènì tán, wọ́n á wá so okùn mọ́ ìdí rẹ̀ láti fi kún un. Nígbà yẹn ẹ ti pa dà sórí okùn, ẹrù sì ti wà lókè. Ti ṣéènì gígùn la máa rà, tàbí ká yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gbígbé ẹ̀rọ ńlá ní Òdógunyàn, níbi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí.

Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé e náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí bẹ́líìtì méjì bá gùn, tí wọ́n dìde ṣánṣán, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ru díẹ̀ ju ìdajì ẹrù lọ. Bí wọ́n bá kúrú, tí wọ́n tẹ́ débi pé dìgírì 30 péré ló wà láàárín bẹ́líìtì àti ẹrù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ru gbogbo kílò 480 náà, á sì tún máa fún ara àpótí náà pọ̀ títí kọ́ìlì á fi wọ́. Mo máa fi ọ̀pá irin gbọọrọ kan sókè kí bẹ́líìtì lè sọ̀ kalẹ̀ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo sì máa fi í sí ihò tí wọ́n lu sí ìdí ẹ̀rọ fún iṣẹ́ yẹn. Àárín àpótí kọ́ sì ni àárín ìwúwo. Apá tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wà ló ń fì sí. Ìdí nìyẹn tí a fi máa kọ́kọ́ gbé e kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ká dúró, ká wò ó yíká. Bó bá fì, ó wálẹ̀, a tún un dè. Bí kò bá fì, ó ń lọ.

Okùn ò ní ṣàìwúlò o. Méjì péré ló máa wà, lọ́wọ́ ọmọ méjì nílẹ̀, kí ẹrù má baà máa yí bírí lójú atẹ́gùn. Àwọn méjèèjì á dúró jìnnà, wọn ò ní wà lábẹ́ rẹ̀. Òwúrọ̀ ni a máa ṣe é, torí atẹ́gùn ọ̀sà máa ń le lọ́sàn-án ní agbègbè yẹn, àpótí irin tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba atẹ́gùn sára. A máa di gbogbo abẹ́ rẹ̀ pa: kò ní sí alákàrà, kò ní sí bíríkìlà, kò ní sí ẹni tó fẹ́ fi fóònù ká fídíò. Ẹnìkan ṣoṣo láá máa pàṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájà, bí ẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ bá mi jókòó sínú mọ́tò yín. Ẹ máa ń fẹ́ ṣèrànwọ́, ohùn yín sì máa ń dún ju tèmi lọ.

Bí ẹ̀rọ bá dórí dẹ́kìnì, wọn ò gbọdọ̀ fà á káàkiri bí àpótí aṣọ. Òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wa ń lò láti ìgbà pípẹ́, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ka òrùlé tí èèyàn lè gùn sí bíi kílò 150 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ẹrù tiyín jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó bá tẹ̀. Ọ̀nà tó gba orí bíìmù kọjá la máa tò pákó sí, ibẹ̀ náà la máa gbà yí i lọ sí ibùjókòó rẹ̀.

Ẹ máa béèrè owó. N kò ní fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun: ó máa ju owó àwọn ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Irin yẹn àti owó wẹ́dà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ tiyín ni irin náà máa jẹ́. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń kú, ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, a ní láti gbé òmíràn gòkè ká gbé òkú sọ̀, ẹ ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ Sábó kiri. Aládùúgbò yín tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́ta náà lè bá yín dá a, kí ẹ jọ máa lò ó.

Àwọn ọmọ tí mo ń wí yìí, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ń dúró síbi tí ẹni tó nílò lébìrà ti máa rí wọn. Òfin kan wà láti 2010, Employees' Compensation Act, tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú owó náà, kí ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí nǹkan gbà. Ọmọ tí ẹ gbà fún wákàtí méjì kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, ẹ̀yin ni ilé ìwòsàn máa wò lójú, lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní Lagos State Safety Commission, àjọ tó ń rí sí ààbò, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2011. Wọ́n lè má tíì dé Ìgbógbó rí lójú yín, àmọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á mọ ọ̀nà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní mú owó púpọ̀ wọ àpò mi. Ẹ̀rọ méjì ṣì wà nínú páálí. Bí ẹni tó tà wọ́n bá lè gbà wọ́n pa dà, ẹ fi wọ́n pààrọ̀ èyí tí outdoor rẹ̀, ìyẹn apá tó ń wà níta, kéré, tó jẹ́ kílò ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Iye rẹ̀ á pọ̀ sí i, páìpù rẹ̀ á gùn sí i, ṣùgbọ́n gbígbé rẹ̀ kì í fọ́ni lórí. Ẹ tún lè fi méjì sílẹ̀ sórí kọnkéré lẹ́yìn ilé. Ẹ ní ibẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí àwọn àlejò máa páàkì sí, mo gbọ́. Ẹ ṣáà rò ó.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gòkè, ẹ̀yìn ilé la máa gbà, níbi tí kò sí wáyà NEPA. Ẹ ní kí bíríkìlà má tíì rẹ́ ògiri òrùlé tó kọjú sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, kó tú u dé dẹ́kìnì ní ìwọ̀n mítà méjì ààbọ̀, kó kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sọ̀, torí a ó tún un mọ. Ẹ sọ fún wẹ́dà kó tú páìpù rẹ̀ kúrò lára táńkì lónìí, kí ẹlòmíràn má baà rí i kó so nǹkan mọ́ ọn. Ẹnjiníà tó ṣírò rọ́ọ̀dù dẹ́kìnì, ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Òun ni yóò fi ibi tí bíìmù gbà hàn wá, n kò fẹ́ fojú díwọ̀n rẹ̀. Ọjọ́rú ni mo lè wá wọn ilé náà, kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ẹ fi lẹ́tà yìí hàn án kó tó gun òkè.

Èmi ni,
Ẹlẹ́rọ amúlétutù yín,
Ìkòròdú